Bí mo ṣe ka jẹ́nótáìpù ẹni mẹ́fà lórí pépà kan

Ẹ̀jẹ̀ mẹ́jọ ni mo tẹ̀ sórí pépà náà: ti ẹni mẹ́fà tó fẹ́ mọ jẹ́nótáìpù wọn, àti méjì tí mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, AS kan, SC kan. Láìsí méjì yẹn, n kì í bẹ̀rẹ̀. Iná mànàmáná ló máa ń fa ẹ̀jẹ̀ lórí pépà yìí, tí oríṣi kọ̀ọ̀kan á fi dúró bí ìlà síbi tirẹ̀. Ibi tí ìlà méjì yẹn bá dúró sí ni mo fi ń ka ti àwọn yòókù. Ìwé èsì yìí ni àwọn kan máa mú délé àna, kò yẹ ká máa méfò sórí rẹ̀.

Ìbéèrè ló kọ́kọ́ wáyé: ṣé wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí yín lára láàárín oṣù mẹ́rin sẹ́yìn? Sẹ́ẹ̀lì pupa a máa lo nǹkan bí ọjọ́ 120 kó tó gbó. Bí ti ẹlòmíràn bá ṣì wà lára, ẹ̀jẹ̀ ẹni méjì la máa kà pọ̀. Àwọn márùn-ún dáhùn pé rárá. Nọ́ńbà 4, ìgò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nìkan ni wọ́n gbé wá, fọ́ọ̀mù rẹ̀ kò sì sọ nǹkan kan.

Mo po bọ́fà, omi tí iná máa gbà kọjá: Tris gíráàmù 10.2, EDTA gíráàmù 0.6, boric acid gíráàmù 3.2, mo bu omi distilled sí i títí ó fi pé lítà 1. pH rẹ̀ jẹ́ 8.5. Inú rẹ̀ ni mo rẹ pépà cellulose acetate sí fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ má jù ú sínú omi lẹ́ẹ̀kan náà o. Etí kan ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tì bọ̀ ọ́, kí omi máa gùn ún díẹ̀díẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá há sínú rẹ̀, ẹ ó rí àmì funfun róbótó-róbótó, ìlà tó bá sì gba ibẹ̀ kọjá máa wọ́.

Bó ti ń rẹ lọ́wọ́, mo fi omi iyọ̀ 0.9% fọ sẹ́ẹ̀lì lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀rọ centrifuge á yí i fún ìṣẹ́jú 5, sẹ́ẹ̀lì á sùn sísàlẹ̀, màá fa omi òkè dànù. Lẹ́yìn náà, ẹ̀kán sẹ́ẹ̀lì méjì sí ẹ̀kán omi distilled mẹ́fà: sẹ́ẹ̀lì á bẹ́, hẹ̀mógílóbìn, ohun tó mú ẹ̀jẹ̀ pupa, á tú jáde. Mo tún un yí, mo sì mú kìkì èyí tó mọ́ lókè. Èèpo sẹ́ẹ̀lì tó bá ṣẹ́ kù ló máa ń mú kí ìlà hu ìrù.

Ẹ̀gbẹ́ nẹ́gátíìfù ni mo tẹ ẹ̀jẹ̀ sí. Ẹni tó bá gbé e sódì, gbogbo rẹ̀ máa ṣàn bọ́ sínú bọ́fà. Fólítì 350, ìṣẹ́jú 25.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìṣẹ́jú 25 yẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí kedere. Nínú bọ́fà yìí, hẹ̀mógílóbìn ń ru iná nẹ́gátíìfù, ọ̀dọ̀ pósítíìfù ló sì ń sá lọ. Okùn beta, ọ̀kan lára àwọn okùn tó para pọ̀ di hẹ̀mógílóbìn, jẹ́ amino acid (èròjà tó ń di purotéènì) 146 tí a sín bí ìlẹ̀kẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ kẹfà nìkan ló yàtọ̀. A, S àti C ni oríṣi hẹ̀mógílóbìn tí lẹ́tà jẹ́nótáìpù ń tọ́ka sí. Glutamic acid ló wà níbẹ̀ lára A, nẹ́gátíìfù ni. Valine ló wà lára S, kò ru iná kankan. Lysine ló wà lára C, pósítíìfù ni. Ìdí nìyẹn tí A fi ń ṣíwájú, tí S ń tẹ̀ lé e, tí C sì ń wọ́ lẹ́yìn. Linus Pauling àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ló fi ìyàtọ̀ ìrìn yìí hàn lọ́dún 1949. Vernon Ingram ló wá rí ìlẹ̀kẹ̀ náà gan-an ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo ìrora fòníkú-fọ̀ladìde, ìlẹ̀kẹ̀ kan yẹn ló ti ń wá.

Iná lọ ní ìṣẹ́jú 11. Kó tó dé, àwọn ìlà ti fẹ̀ bí epo tó kán sáṣọ, torí kò sí ohun tó ń fà wọ́n mọ́. Ẹ má fi ìṣẹ́jú 14 tó kù kún un. Mo sọ pépà yẹn nù, mo rẹ òmíràn, mo so ẹ̀rọ mọ́ inverter.

Lórí pépà kejì, nọ́ńbà 1, 2 àti 6 jẹ́ AA. Nọ́ńbà 3 ní A àti S, A nípọn jù: AS. Nọ́ńbà 5 jẹ́ AC. A2, hẹ̀mógílóbìn kékeré kan tí gbogbo wa ní, máa ń dúró síbi kan náà pẹ̀lú C, ṣùgbọ́n ó tín-ín-rín bí òwú. Ti nọ́ńbà 5 nípọn dáadáa.

D àti G, oríṣi hẹ̀mógílóbìn mìíràn, náà máa ń dúró síbi tí S wà, nítorí náà mo fi kẹ́míkà sodium dithionite yẹ nọ́ńbà 3 àti 4 wò. Bí S bá wà, omi inú túùbù á dàrú, ìlà dúdú tí a fà sórí ìwé lẹ́yìn rẹ̀ kò ní hàn mọ́. Àwọn méjèèjì dàrú. Ẹ má gbára lé èyí fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà; F, hẹ̀mógílóbìn tí ọmọ ń gbé jáde láti inú ìyá, ṣì pọ̀ lára rẹ̀. Kì í sì í ya AS sọ́tọ̀ kúrò lára SS.

Nọ́ńbà 4 ní A àti S bíi nọ́ńbà 3, ṣùgbọ́n S rẹ̀ ló nípọn ju A lọ. AS lásán kì í rí bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ SS tó gba ẹ̀jẹ̀, ó sì lè jẹ́ S pẹ̀lú beta thalassaemia, àrùn àjogúnbá tí kì í jẹ́ kí ara ṣe okùn beta tó. Mo pe ẹni tó ni ín. Ó ti gba páìǹtì méjì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn. N kò kọ AS. Mo kọ ọ́ pé èsì kò tíì ṣeé kà, kó padà wá nígbà tí oṣù mẹ́rin bá pé lẹ́yìn ẹ̀jẹ̀ yẹn, àti pé bí àwọn òbí rẹ̀ bá wà nítòsí, kí wọ́n wá ṣe tiwọn lọ́sẹ̀ yìí.