Bí Ìwé Aṣọ́bodè Ẹrù Yín Bá Sọnù: Ibi tí Ẹ ti Lè Rí Ẹ̀dà Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò tó ń kó ẹrù gba èbúté Àpápá, Tin Can tàbí Lẹ́kí wọlé ló gbà pé ọwọ́ àwọn aṣọ́bodè nìkan ni àkọsílẹ̀ ẹrù wọn wà, nítorí náà, bí ìwé bá ti sọnù, ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ forí lé. Èrò tèmi ni pé ibẹ̀ ló yẹ kí ó gbẹ̀yìn. Kí ẹrù kan tó dé ilé ìtajà yín, ó ti gba ọwọ́ báńkì, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi, alábòójútó èbúté àti éjẹ́ǹtì kọjá, olúkúlùkù wọn ló sì máa ń fi ẹ̀dà tirẹ̀ pamọ́. Ẹni tó bá ti gba ohun tó wà lọ́wọ́ àwọn wọ̀nyí kó tó dé ọ̀dọ̀ aṣọ́bodè yóò ní ohun tí wọ́n lè fi bá a wá tirẹ̀. Ẹni tó bá lọ lọ́wọ́ òfo yóò kàn máa pààrà ọ́fíìsì ni.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ ṣa gbogbo nọ́ńbà ẹrù náà jọ. Nọ́ńbà bill of lading, ìyẹn ìwé tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi fi jẹ́rìí pé àwọn gba ẹrù, àti ti kọ́ńténà ló rọrùn jù láti rí, torí wọn kì í sábà wọ́n nínú ímeèlì tí ẹni tó ta ọjà náà ní Ṣáínà tàbí Dubai fi ránṣẹ́ sí yín. Nọ́ńbà kọ́ńténà máa ń ní lẹ́tà 4 àti òǹkà 7, òǹkà tó gbẹ̀yìn sì jẹ́ èyí tí wọ́n ṣírò láti inú àwọn tó ṣáájú rẹ̀, kí àṣìkọ má bàa fara pamọ́. Àwọn ojú ìwé wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń bá ènìyàn yẹ̀ ẹ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó kọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni, nítorí 6 kan ṣoṣo tí ẹ ṣì kọ ní 8 tó láti mú kí wọ́n sọ fún yín pé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kò wọlé rí.

Nọ́ńbà tó níyì jù lọ ni èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà C, èyí tí wọ́n fi forúkọ ìwé ìkéde ẹrù, ìyẹn SGD, sílẹ̀. Ẹ̀ka aṣọ́bodè kọ̀ọ̀kan ló ní òǹkà tirẹ̀, òǹkà náà sì máa ń padà sí ìbẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún. Bí ẹ bá kọ nọ́ńbà C láìkọ ọdún àti ẹ̀ka mọ́ ọn, ẹ kò tíì sọ nǹkan kan.

Ọ̀dọ̀ báńkì ni ẹ ó kọ́kọ́ lọ. Òfin béèrè Fọ́ọ̀mù M, ìyẹn fọ́ọ̀mù tí oníṣòwò fi ń kéde ọjà tó fẹ́ kó wọlé láti òkèèrè, fún ẹrù òwò, báńkì ló sì ń bá oníṣòwò ṣí i, yálà ó ra owó òkèèrè lọ́wọ́ wọn tàbí kò rà á. Báńkì yìí kan náà ló ń fi ìwé ẹrù ránṣẹ́ sí àwọn aṣọ́bodè kí wọ́n tó gbé PAAR jáde, ìyẹn ìwé àwọn aṣọ́bodè tó ń sọ iye tí wọ́n ka ọjà náà sí àti owó ibodè tó tọ́ sí i. Ẹ béèrè ẹ̀ka tó ń rí sí òwò òkèèrè, kí ẹ sì mú TIN, ìyẹn nọ́ńbà owó orí ilé-iṣẹ́ yín, dání. Ẹ rántí pé éjẹ́ǹtì lè ti san owó ibodè ní báńkì mìíràn, nítorí náà ẹ bi í léèrè kí ẹ tó gbà pé ẹ̀rí owó kò sí.

Ibi tó ti ń ta kókó jù ni ẹrù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn pín sínú kọ́ńténà kan, bí àwọn oníṣòwò ọjà Balógun ṣe sábà máa ń ṣe. Orúkọ ẹni tó kó ẹrù gbogbo wọn jọ ló wà lórí bill of lading àgbà, orúkọ rẹ̀ náà ló sì sábà máa ń wà lórí SGD. Bí ẹ bá wá orúkọ ara yín títí, ẹ kò ní rí i, kì í sì í ṣe pé ẹnikẹ́ni fi ìwé yín pamọ́. Ohun tí ẹ óò gbà lọ́wọ́ ẹni tó kó ẹrù jọ náà ni nọ́ńbà bill of lading àgbà, bill kékeré tó jẹ́ tiyín, àti lẹ́tà tó jẹ́rìí pé ẹrù yín wà nínú kọ́ńténà yẹn. Ẹ tètè béèrè, kí ilé-iṣẹ́ ẹni náà tó kó kúrò ní àdúgbò tàbí kí ó tó palẹ̀ mọ́.

Ọdún tí ẹrù wọlé náà ṣe pàtàkì. Ẹrù tó wọlé ṣáájú oṣù Kejìlá ọdún 2013 kò ní PAAR. RAR, ìyẹn ìwé àyẹ̀wò tí wọ́n ń lò ṣáájú PAAR, ni ẹ óò béèrè, àwọn ilé-iṣẹ́ àyẹ̀wò bíi Cotecna àti SGS ló sì ń gbé e jáde nígbà náà. Ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń kọ ẹrù sí náà ti yí padà: àwọn aṣọ́bodè ti lo ASYCUDA, wọ́n lo NICIS, wọ́n sì ti wà lórí B'Odogwu báyìí, nítorí náà ẹ kọ déètì sínú lẹ́tà yín kí òṣìṣẹ́ náà lè mọ inú èyí tó yẹ kó wò.

Ìgbà yìí ni lẹ́tà kàn. Ẹ kọ ọ́ sí ọ̀gá tó ń darí ẹ̀ka tí ẹrù gbà jáde, lórí ìwé ilé-iṣẹ́ yín. Ẹ so ìwé ìbúra láti ilé-ẹjọ́ àti ìwé ìfisùn àgọ́ ọlọ́pàá mọ́ ọn, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀dà tí ẹ ti gbà. Ohun tí ẹ ń béèrè ni ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ pé ó bá ojúlówó mu, ẹ má ṣe béèrè ìwé tuntun. Kí wọ́n bá yín fọwọ́ sí ẹ̀dà lẹ́tà tiyín pé àwọn ti gbà á. Bí wọn kò bá fèsì, Òfin Òmìnira Ìròyìn ti ọdún 2011 fún ilé-iṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ 7 láti dáhùn ìbéèrè. Ṣùgbọ́n òfin yìí náà dáàbò bo àṣírí òwò ẹlòmíràn, nítorí náà ẹ fi hàn gbangba pé ẹrù tiyín ni.

Ẹ̀bẹ̀ ni mo fẹ́ bẹ̀ yín lórí àwọn tó ń rìn yí ká èbúté, tí wọ́n ń sọ pé àwọn lè bá yín tẹ ìwé mìíràn lọ́jọ́ kan náà. Ìwé tó sọnù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ayédèrú ìwé ibodè lè sọ ẹrù tí ẹ ti san owó rẹ̀ pé di ẹrù fàyàwọ́. Àwọn aṣọ́bodè ṣì lágbára láti padà wá yẹ ìwé wò lẹ́yìn tí ẹrù ti jáde, ohun tó sì wà nínú kọ̀ǹpútà wọn ni wọn yóò fi wé èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Nígbà tí ẹ̀dà tòótọ́ bá dé, kí ẹ̀yin náà fi wé ti báńkì: nọ́ńbà kọ́ńténà, iye owó ibodè àti orúkọ ọjà. Bí wọn kò bá dọ́gba, ẹ padà sí ẹ̀ka náà lọ́jọ́ náà gan-an kí wọ́n tún un yẹ̀ wò.