Bí mo ṣe pààrọ̀ firmware sáfà ESXi ní ilé ìwòsàn kan ní Kàbbà

Firmware ni ètò tí wọ́n kọ sínú ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. PowerEdge R740 ti Dell ni sáfà náà, ESXi 8 ló sì wà lórí rẹ̀, ìyẹn ètò VMware tó ń jẹ́ kí sáfà kan ṣiṣẹ́ bí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà. Kò sí Windows tàbí Linux lábẹ́. ESXi fúnra rẹ̀ ló jókòó sórí irin. VM ni wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan kọ̀ǹpútà inú sáfà yìí: VM àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn wà níbẹ̀, ti láàbù àti ti fámásì wà níbẹ̀, èyí tó ń bójú tó Wi-Fi àwọn tó wá kí aláìsàn náà wà níbẹ̀. Nítorí èyí tí mo kà gbẹ̀yìn yìí ni mo ṣe takú pé BIOS àtijọ́ yẹn, firmware tó ń jí sáfà dìde, gbọ́dọ̀ kúrò. Oṣù kẹjọ ọdún 2023 ni aráyé gbọ́ nípa àléébù tí wọ́n ń pè ní Downfall, tó wà nínú processor Intel (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) láti ìran Skylake títí dé Tiger Lake: ètò kan lè yọjú wo ohun tí ètò mìíràn fi sílẹ̀ nínú processor kan náà. Microcode, ètò kékeré tó ń darí processor láti inú, ni Intel fi tún un ṣe, microcode yìí sì máa ń bá BIOS tuntun wọlé. Àbájáde àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ọmọlọ́mọ kì í ṣe ohun tá a ń gbé síbi tí àlejò ti lè yọjú wò ó.

Ká ní Windows ló wà lórí sáfà ni, èèyàn á kàn tẹ fáìlì lẹ́ẹ̀mejì ni. ESXi ò ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. iDRAC ni ọ̀nà tí mo gbà. Kọ̀ǹpútà kékeré kan ni, inú sáfà ló wà, ó ní ojú wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tirẹ̀, kódà bí sáfà bá wà ní pípa, iDRAC ò sùn níwọ̀n ìgbà tí iná bá ń wọlé. Ohun tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé fáìlì tí Dell ṣe fún Windows, tó parí sí .EXE, náà ni wàá gbé fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló máa tú u. Òru ni mo wa àwọn fáìlì náà sílẹ̀, torí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń fúyẹ́ nígbà yẹn, mo sì fi SHA-256 wọn, òǹkà tá a fi ń mọ̀ pé fáìlì ò bà jẹ́, wé èyí tó wà lójú ìwé Dell.

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń tọ́jú ESXi dì mú nìyí. Láti 7.0 Update 2, tí sáfà bá ní TPM, ìyẹn ṣípù tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ àṣírí, ńṣe ni ESXi máa ń ti àkọsílẹ̀ ètò ara rẹ̀ pa, TPM ló sì ń bá a ṣọ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá nu TPM, bí wọ́n bá pààrọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù, ó lè kọ̀ láti dìde. Ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kan BIOS láìtíì kọ kọ́kọ́rọ́ yẹn sílẹ̀, kó dúró ná. Àṣẹ tí mo tẹ̀ ni:

esxcli system settings encryption recovery list

Òǹkà gígùn kan jáde, tí dáàṣì pín sí wẹ́wẹ́. Ìwé ni mo kọ ọ́ sí, mi ò fi fóònù yà á. Akọ̀wé ibẹ̀ ń kà á sí mi létí ní wẹ́wẹ́, èmi náà ń fojú tọ́ ọ lórí sikirínì. Màmá tó jẹ́ olórí àwọn nọ́ọ̀sì gba ápólóòpù tí mo fi ìwé náà sí lọ́wọ́ mi.

"Ọmọ mi, òǹkà lásán yìí náà ni kí n tì mọ́ inú séèfù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Bí sáfà bá kọ̀ láti dìde, òun nìkan la máa fi bẹ̀ ẹ́."

Bó bá kọ̀ lóòótọ́, Shift àti O ni wàá tẹ̀ nígbà tó bá ń dìde, wàá sì fi encryptionRecoveryKey= àti òǹkà yẹn kún ìlà tó bá yọ. Lẹ́yìn tí mo kọ kọ́kọ́rọ́ náà sílẹ̀ ni mo ṣe vim-cmd hostsvc/firmware/sync_config, mo sì tẹ vim-cmd hostsvc/firmware/backup_config tẹ̀ lé e, kí n lè ní ẹ̀dà ètò ESXi. Ìlà kan ló máa fún ọ, tí àmì ìràwọ̀ wà nínú rẹ̀. Àdírẹ́sì IP sáfà ni wàá fi rọ́pò ìràwọ̀ náà, kó o sì tètè gba fáìlì rẹ̀, torí kì í pẹ́ níbẹ̀. Àwọn VM ti ní ẹ̀dà tẹ́lẹ̀ lórí NAS, àpótí tá a ń kó fáìlì pa mọ́ sí lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ọ̀rọ̀ iná ló kù, òun ló sì wúwo jù lójú mi. Bí iná bá já nígbà tí wọ́n ń kọ BIOS, sáfà lè dákú pátápátá. Orí méjì ni R740 yìí fi ń gba iná. Mo ki ọ̀kan bọ ínfátà, mo ki èkejì bọ ìlà jẹnẹrétọ̀, mo wá ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan wò. Sáfà ò mira. Mo wá lọ bá bàbá tó ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀. Mo ní "Òkun o, bàbá", bí wọ́n ṣe ń kíni níbẹ̀, ó sì dá mi lóhùn. Ohun tí ò bá mi lára mu ni pé bí iná ìjọba bá ti dé, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n máa ń yí changeover, iná á sì ṣẹ́jú.

"Bí iná bá dé lálẹ́ òní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yí i."

"Ká máa jó dísù nígbà tí iná ti dé?"

"Títí màá fi wá pè yín, bàbá."

Ó wo ojú mi, ó ní ó dáa.

Ọ̀sán ni mo ti kọ́kọ́ ṣe ti iDRAC fúnra rẹ̀, torí kò ní kí sáfà pa. Òun nìkan ló tún ara rẹ̀ tan, ojú ìwé rẹ̀ lọ fúngbà díẹ̀, ó sì padà, àwọn nọ́ọ̀sì ò tiẹ̀ mọ̀. Nígbà tílẹ̀ ṣú, àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kọ àkọsílẹ̀ sínú ìwé. Mo pa gbogbo VM, mo fi ti dátábéèsì ṣe ìkẹyìn, mo sì gbé ESXi sí maintenance mode. Nínú iDRAC, Maintenance, System Update: mo gbé fáìlì BIOS sílẹ̀, mo yan Install and Reboot. Sáfà tún ara rẹ̀ tan, ó kọ Automated Task Application sójú, fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í bú ramúramù, sikirínì wá dúdú. Ibẹ̀ ló ti yẹ kéèyàn ká ọwọ́ méjèèjì sí itan. Inú òkùnkùn yẹn ni gílóòbù ìta tàn, tí gbogbo àdúgbò hó yèè pé iná ti dé. Mo tẹ́tí sílẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ń dún lọ. Bàbá ò fọwọ́ kàn án.

Nígbà tí Job Queue kọ 100%, mo ṣe ti PERC, káàdì tó ń darí àwọn dísíìkì sáfà, náà, ESXi sì dìde láìbèèrè kọ́kọ́rọ́ kankan. Dátábéèsì ni mo kọ́kọ́ tan, àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Mo wá lọ sẹ́yìn ilé láti sọ fún bàbá pé ó lè yí i wàyí.

Ti káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni mo fi sílẹ̀. Àṣẹ esxcli network nic get -n vmnic0 fi driver ntg3, ètò tí ESXi fi ń bá káàdì náà sọ̀rọ̀, àti firmware káàdì náà hàn mí. Nígbà tí mo wo Compatibility Guide, ìwé tó ń sọ driver àti firmware tó bára mu, tó ti di ti Broadcom látìgbà tí wọ́n ra VMware ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, mi ò rí firmware tuntun yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ driver tá a ní. Ti PERC àti driver rẹ̀, lsi_mr3, bára mu níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ṣe é. Màá kọ́kọ́ gbé driver ntg3 gòkè, kí n tó padà wá fọwọ́ kan káàdì náà.