Bí Ẹ Ṣe Lè Forúkọ Sílẹ̀ Láti Du Ipò Káńsẹ́lọ̀ ní Ìkòròdú

Bí ẹnì kan bá sọ ní Ìkòròdú pé òun fẹ́ du ipò káńsẹ́lọ̀, ohun tí àwọn ará àdúgbò máa ń kọ́kọ́ bi í ni pé ta ni àgbà ẹgbẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, èyí tí wọ́n sì máa ń fi tẹ̀ lé e ni pé èló ló ní lọ́wọ́. Mo ti jókòó ti àwọn olùdíje mélòó kan níbi tí wọ́n ti ń kọ fọ́ọ̀mù, ó sì ti yé mi pé ìbéèrè mìíràn ló yẹ kó ṣáájú: ṣé orúkọ tó wà lórí káàdì ìdìbò rẹ bá èyí tó wà lórí ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ rẹ mu? N kò sọ pé owó kò ṣe pàtàkì, n kò sì sọ pé kí ènìyàn má ní ẹni tó ń tì í lẹ́yìn, ṣùgbọ́n mo ti rí ẹni tó ní méjèèjì tí ìwé tí kò bára mu sì dá a padà láti ẹnu ọ̀nà.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ mọ ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ tí ẹ wà lábẹ́ rẹ̀ àti wọ́ọ̀dù yín dájú. Ó dà bí ohun tí ọmọdé mọ̀, àmọ́ ní ẹkùn wa yìí, àgbàlagbà ni ó máa ń dà láàmú. Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 mọ ìjọba ìbílẹ̀ 20 ní ìpínlẹ̀ Èkó, Ìkòròdú sì jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn. Ní ọdún 2003 ni ìjọba ìpínlẹ̀ dá ìjọba ìbílẹ̀ onídàgbàsókè 37 sílẹ̀ láti ara 20 náà, tí iye ìgbìmọ̀ tí a ń dìbò yàn fi di 57. Mẹ́fà ló wà ní ẹkùn Ìkòròdú nísinsìnyí: Ìkòròdú fúnra rẹ̀, Ìkòròdú North, Ìkòròdú West, Ìgbógbò-Báyékù, Ìjẹ̀dẹ́ àti Ìmọ̀tà. Àjọ INEC tó ń tẹ káàdì ìdìbò kì í lo 37 yẹn rárá. Ìjọba ìbílẹ̀ 20 àti wọ́ọ̀dù 245 ni ó ń lò ní Èkó, nígbà tí LASIEC, àjọ elétò ìdìbò ìpínlẹ̀ Èkó tó ń ṣètò ìbò ìjọba ìbílẹ̀, ṣètò ìbò káńsẹ́lọ̀ ní wọ́ọ̀dù 376 ní ọdún 2025. Ìdí nìyẹn tí káàdì ẹni tó ń gbé ní Ìmọ̀tà fi máa ń kọ Ìkòròdú, tí orúkọ wọ́ọ̀dù tó wà lórí rẹ̀ sì lè yàtọ̀ sí ti ibi tí olúwarẹ̀ fẹ́ ti díje. Ẹ má ṣe wo káàdì kọ fọ́ọ̀mù. Ẹ lọ sí sẹkitéríàtì ìgbìmọ̀ yín, kí ẹ bèèrè orúkọ wọ́ọ̀dù àti àwọn ibùdó ìdìbò tó wà nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí LASIEC ṣe tò wọ́n, kí ẹ sì wá ibùdó tiyín láàárín wọn.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́. Abala 7 nínú ìwé òfin pàṣẹ fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan pé kí ó rí i dájú pé ẹnikẹ́ni tó bá lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò tàbí láti díje sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ sí i ní ìjọba ìbílẹ̀ pẹ̀lú. Abala 106 ló sì sọ ohun tí ti Ilé Aṣòfin ń bèèrè: kí ènìyàn jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Nàìjíríà, kí ó ti pé ọmọ ọdún 25 (30 ni tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó ṣàtúnṣe òfin ní ọdún 2018), kí ó ti kàwé dé ìpele ìwé mẹ́wàá tàbí ohun tó bá a dọ́gba, kí ó sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú tó fà á kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rò pé ẹni tí kò bá ní ìwé mẹ́wàá kò lè sún mọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Abala 318 gba ẹni tó ní ìwé mẹ́fà pẹ̀lú, bí ó bá ti ṣiṣẹ́ fún ó kéré tán ọdún 10, yálà níṣẹ́ ìjọba tàbí níṣẹ́ aládàáni, tí ó ti lọ sí ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí àpapọ̀ àkókò rẹ̀ pé ọdún kan, tí ó sì lè ka Gẹ̀ẹ́sì, kí ó kọ ọ́, kí ó sì sọ ọ́. Ìyá tó ti ń ta ẹja ní etí omi Ìpakodò fún ogún ọdún, tó sì ní ìwé ẹ̀rí àwọn ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó ti ṣe, lè wà lára wọn. Kí ó ṣáà tọ́jú àwọn ìwé náà, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò tó.

Àwọn ohun tó ń lé ènìyàn kúrò kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í fojú jọni. Ẹni tí kóòtù ti dá lẹ́bi ẹ̀sùn jìbìtì láàárín ọdún 10 tó ṣáájú ìdìbò, ẹni tí gbèsè ti mú kóòtù kéde pé kò lè san mọ́, ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn, àti ẹni tó mú ayédèrú ìwé ẹ̀rí wá, kò sí àyè fún wọn. Èyí tó máa ń mú àwọn ènìyàn rere lójijì ni ti òṣìṣẹ́ ìjọba. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn ìjọba àti òṣìṣẹ́ ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní ó kéré tán ọgbọ̀n ọjọ́ kí ọjọ́ ìdìbò tó pé. Kí ọ̀gá gba lẹ́tà náà nìkan kò tó: ẹ gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì sí, nítorí ẹni tó bá fẹ́ yọ yín kúrò yóò wá déètì yẹn.

Kò sí ẹni tó lè dá díje láìní ẹgbẹ́, nítorí abala 221 fi ìpolongo ìbò sí ọwọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú nìkan. Nítorí náà, wọ́ọ̀dù ni ẹ óò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ alága ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù yín, ẹ gba káàdì ẹgbẹ́, ẹ máa lọ sí ìpàdé, kí ẹ sì máa san owó tí wọ́n bá dá síbẹ̀. Ẹni tó dé ní oṣù méjì sí ìdìbò abẹ́lé, èyí tí ẹgbẹ́ fi ń yan olùdíje rẹ̀, tó ní òun fẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì, àlejò ni ní ojú àwọn tó ti ń tẹ́ àga ìpàdé láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àdúgbò ni wọ́n bí i sí. Ìbò tó kẹ́yìn wáyé ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 2025, èyí tó ṣáájú rẹ̀ sì wáyé ní ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 2021. Ẹ fi ọdún mẹ́rin-mẹ́rin náà ka àkókò tí ẹ ní.

Èrò tèmi ni pé ìdìbò abẹ́lé ló le jù ní Èkó. Ní ọdún 2025, ẹgbẹ́ APC gba ipò alága 57 tán, ó sì gba 375 nínú ipò káńsẹ́lọ̀ 376. Ẹni tó bá ń bá ẹgbẹ́ tó wà lórí oyè lọ yóò rí i pé àárín àwọn tiwọn ni ìjàkadì rẹ̀ wà, àti pé ìfẹnukò àwọn àgbà lè dípò ìbò gan-an. Ẹni tó bá wà ní ẹgbẹ́ tí kò tóbi yóò tètè rí tíkẹ́ẹ̀tì gbà, ṣùgbọ́n kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i pé wọ́n fi orúkọ òun ránṣẹ́ sí LASIEC, kí ó má sùn lé ìlérí. Ní ti owó, owó fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ yàtọ̀ sí ohunkóhun tí LASIEC bá bèèrè. Àpò ìfowópamọ́ ẹgbẹ́ ni kí ẹ san án sí, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì. Ẹ má kó o lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ì báà jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín.

Ó wá kan àwọn ìwé, níbi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti agbègbè Ìsíwù pè mí nígbà kan pé kí n bá òun wo fọ́ọ̀mù kí òun tó dá a padà. Mo ní kí ó tẹ́ gbogbo ìwé rẹ̀ sórí tábìlì kan lẹ́ẹ̀kan náà. Lórí èsì ìdánwò WAEC, Rasaki ni orúkọ rẹ̀. Lórí káàdì ìdìbò, Abdulrasaq. Lórí káàdì ẹgbẹ́, akọ̀wé wọ́ọ̀dù ti kọ ìnagijẹ tí wọ́n ń pè é ní àdúgbò síbẹ̀. Ọdún ìbí rẹ̀ lórí káàdì ìdìbò sì fi ọdún méjì jìnnà sí ti ìwé ẹ̀rí ìbí. Ẹnì kan ṣoṣo ni o, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ wá ẹ̀sùn sí i lẹ́sẹ̀ yóò ní ènìyàn mẹ́ta ni.

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ nílé yín lónìí: ẹ tẹ́ ìwé ẹ̀rí ìbí, ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́, káàdì ìdìbò alálòpẹ́, káàdì ẹgbẹ́ àti káàdì ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè sílẹ̀, kí ẹ ka orúkọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ka ọjọ́ ìbí. Ìwé ilé ẹ̀kọ́ ni ó nira jù láti tún ṣe, nítorí náà òun ni kí ẹ jẹ́ kí àwọn yòókù tẹ̀ lé. Ti káàdì ìdìbò, INEC máa ń gba àtúnṣe nígbà tí ó bá ṣí ìforúkọsílẹ̀, kì í ṣe ní ọjọ́ gbogbo, èyí ló sì fà á tí kò fi yẹ kí ẹ dúró de ọdún ìdìbò. Ohun tí kò bá ṣeé tún ṣe, ẹ lọ búra sí i ní kóòtù gíga tó wà ní Ìkòròdú, pé Rasaki àti Abdulrasaq, ènìyàn kan náà ni wọ́n. Bí ó bá jẹ́ pé orúkọ yí padà pátápátá, bóyá nítorí ìgbéyàwó, ẹ fi ìkéde kún un nínú ìwé ìròyìn, kí ẹ sì tọ́jú odidi ìwé ìròyìn náà, kì í ṣe ewé kan tí ẹ gé. Bí ìwé ẹ̀rí bá ti sọnù, ẹ gba ìwé ọlọ́pàá, kí ẹ sì tọ WAEC lọ fún ìwé tí yóò jẹ́rìí sí èsì yín. Ẹgbẹ́ sábà máa ń bèèrè ìwé ẹ̀rí owó orí ọdún mẹ́ta láti ọ̀dọ̀ LIRS, àjọ tó ń gba owó orí ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹni tí kì í gbowó oṣù tí kò sì san án rí kò lè sáré rí i gbà láàárín ọ̀sẹ̀ kan, nítorí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ sí san án lọ́dọọdún.

Nígbà tí LASIEC bá kéde ọjọ́ ìdìbò, yóò gbé ìlànà àti àtẹ àkókò jáde: ọjọ́ tí ìdìbò abẹ́lé yóò parí, ọjọ́ tí wọn yóò gba fọ́ọ̀mù, ọjọ́ tí a lè pààrọ̀ orúkọ, ọjọ́ tí ìpolongo yóò dópin. Ẹ ka ìlànà náà fúnra yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pàápàá ibi tó ti sọ iye àwọn tí yóò fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù yín. Kí àwọn wọ̀nyí jẹ́ olùdìbò tó forúkọ sílẹ̀ ní wọ́ọ̀dù náà gan-an. Ẹ má gba nọ́ńbà káàdì wọn lórí fóònù. Ẹ wo káàdì, kí ẹ fúnra yín dà á kọ, kí ẹ sì bi wọ́n bóyá wọ́n ti fọwọ́ sí ti ẹlòmíràn, nítorí ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ fà ju olùdíje kan kalẹ̀ fún ipò kan náà. Ẹ mú iye tó lé díẹ̀ sí ohun tí wọ́n bèèrè, kí ó lè jẹ́ pé bí wọ́n bá yọ méjì kúrò, ó ṣì pé.

Olú iléeṣẹ́ LASIEC wà ní òpópónà Birrel, ní Sábó, Yaba. Láti Ìkòròdú, bọ́ọ̀sì BRT tó ń gba Mile 12 àti Ojota lọ yóò gbé yín dé Fadeyi, ẹ ó sì gba ibẹ̀ wọ Yaba. Ẹ má lọ ní ọjọ́ ìkẹyìn. Ẹni tó bá mọ bí ọkọ̀ ṣe máa ń dúró gbagidi ní Mile 12 láàárọ̀ mọ̀ pé agogo mẹ́jọ lè di ọ̀sán kí ènìyàn tó dé Ketu. Ẹ kọ fọ́ọ̀mù pẹ̀lú lẹ́tà ńlá àti yíǹkì kan náà, ẹ rí i pé alága àti akọ̀wé ẹgbẹ́ fọwọ́ sí ibi tiwọn, kí ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ sì má kúrò níbẹ̀ láìgba ìwé tó fi hàn pé wọ́n ti gbà á, tòun ti déètì.

Nígbà àyẹ̀wò, wọn yóò ní kí ẹ mú ojúlówó ìwé wá, wọn yóò sì bi yín ní ìbéèrè díẹ̀. Ẹ dáhùn èyí tí wọ́n bi yín, kí ẹ dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni orúkọ àwọn olùdíje yóò jáde. Ẹ lọ wò ó fúnra yín, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ sì fi lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wé ti káàdì yín. Bí orúkọ ẹlòmíràn bá wà níbi tó yẹ kí tiyín wà, ẹ tọ agbẹjọ́rò lọ lọ́jọ́ náà. Orúkọ tí ẹ ṣe wàhálà tó báyìí lórí rẹ̀ kò ní sí lórí ìwé ìdìbò, nítorí àmì ẹgbẹ́ ni wọ́n máa ń tẹ̀ síbẹ̀. Àmì yẹn ni kí ẹ máa fi han àwọn ará àdúgbò láti ọjọ́ tí ìpolongo bá ti bẹ̀rẹ̀.