Ejẹ́ńsì ìwáṣẹ́ l'Ékòó: ohun tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìwádìí mọ̀ kó tó fi CV ránṣẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka másítà tàbí PhD l'Akọ́kà, ní LASU tàbí ní Ìdí-Àràbà, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó yé yín pé ejẹ́ńsì kì í ṣe aṣojú yín. Iléeṣẹ́ tó ń wá òṣìṣẹ́ ló gbé iṣẹ́ fún wọn, òun náà ló sì yẹ kó sanwó wọn. Bí wọ́n bá ní kí ẹ san owó fọ́ọ̀mù tàbí owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n tó wá iṣẹ́ fún yín, ì báà jẹ́ ẹgbẹ̀rún méjì náírà péré, ẹ má san án.

Ẹ gba nọ́ńbà RC wọn, ìyẹn nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ iléeṣẹ́, kí ẹ yẹ orúkọ wọn wò lórí ìkànnì CAC, àjọ tó ń forúkọ àwọn iléeṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Àmọ́ ìyẹn nìkan ò tó, torí ẹni tó ń ta ìrẹsì náà lè forúkọ sílẹ̀ ní CAC. Ìwé àṣẹ tó ṣe pàtàkì ni èyí tí iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ ń fún àwọn ejẹ́ńsì. Ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín, kí ẹ sì wo ọjọ́ tó máa parí. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ bá pè yín wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, tí kò dárúkọ iṣẹ́, tí ẹ ò sì rántí pé ẹ wá iṣẹ́ níbẹ̀, ọjà ni wọ́n sábà máa ń fẹ́ kó lé yín lọ́wọ́ kí ẹ máa bá wọn tà. Kò sí ejẹ́ńsì tó nílò BVN yín kí ìwé ìgbàsíṣẹ́ tó jáde. OTP ńkọ́? Ẹ má fún ẹnikẹ́ni láé.

Ọ̀rọ̀ CV gan-an ló ń dá ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ìwádìí dúró. Ẹni tó máa kọ́kọ́ kà á kò mọ ẹ̀kọ́ yín rárá. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló sábà máa ń tẹ̀ sí kọ̀ǹpútà láti fi wá a láàárín ọ̀pọ̀ CV mìíràn. Àkọlé ìwé ìwádìí tó gba ìlà mẹ́ta kò lè ràn án lọ́wọ́. Ẹ kọ ohun tí ọwọ́ yín ṣe. Dípò "mo ṣèwádìí lórí omi ọ̀sà", ẹ kọ ọ́ báyìí: "mo bu omi ọ̀sà sínú ìgò 240 láàárín oṣù 14, mo fi ètò kọ̀ǹpútà R ṣe ìṣirò rẹ̀, mo sì darí àwọn olùrànlọ́wọ́ mẹ́ta." Ẹ dárúkọ ẹ̀rọ tí ẹ mọ̀ ọ́n lò, àti ètò kọ̀ǹpútà bíi SPSS, Python tàbí ArcGIS, bó bá jẹ́ òótọ́. Ojú ìwé méjì tó. Wọ́n lè béèrè fún Word dípò PDF, torí pé wọ́n máa ń yọ nọ́ńbà fóònù yín kúrò kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí ẹ rí èyí tí wọ́n tún ṣe, nítorí wọ́n lè ṣèèṣì fi ohun tí ẹ ò ṣe kún un.

Ẹ béèrè orúkọ iléeṣẹ́ náà kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n fi CV yín ránṣẹ́. Bí ejẹ́ńsì méjì bá mú CV kan náà lọ síbì kan náà, iléeṣẹ́ lè pa ẹ̀yin tì kó má bàa sí ìjà lórí ẹni tó máa gba owó. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan: ejẹ́ńsì wo, iléeṣẹ́ wo, ọjọ́ wo. Bí ọjọ́ méje bá kọjá láìsí èsì, ẹ pè wọ́n.

Ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́ kọ́ńtíráàtì. Níbẹ̀, ejẹ́ńsì fúnra rẹ̀ ni ọ̀gá yín lórí ìwé, ì báà jẹ́ báńkì kan ní Marina ni ẹ ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ béèrè oṣù mélòó ni àdéhùn náà, àti bóyá iye tí wọ́n ń pè jẹ́ owó tó máa dé ọwọ́ yín tàbí èyí tí wọn ò tíì yọ owó orí kúrò nínú rẹ̀. Òfin ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ní kí ibi tí òṣìṣẹ́ bá ti tó 15 máa san ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù sínú àpò ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́, kí òṣìṣẹ́ san 8, ó kéré tán. Wọ́n lè yọ 8 yín kó má sì dé àpò ìfẹ̀yìntì yín. Lẹ́yìn oṣù kejì, ẹ lọ wò ó.

Ẹ má fi ẹ̀kọ́ yín pa mọ́ fún agbanisíṣẹ́. Bí ẹ bá ń gba owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ (scholarship), ẹ ka ìwé àdéhùn rẹ̀, torí àwọn kan tó ń fúnni lówó náà kò gbà kí ẹ ṣiṣẹ́ rárá, kí ẹ sì bá alábòójútó yín sọ̀rọ̀. Ẹ wo ibi tí àdéhùn ti sọ pé ohun tí ẹ bá ṣe jẹ́ ti iléeṣẹ́. Kí ìwádìí yín wà lóde rẹ̀, kó sì wà lákọsílẹ̀.

Iṣẹ́ ìwádìí gan-an kì í sábà gba ọwọ́ ejẹ́ńsì kọjá. Ní NIMR (iléeṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn) ní Yábàá, FIIRO (ti ìwádìí iléeṣẹ́ ńlá) l'Óṣòdì àti NIOMR (ti ìwádìí òkun) ní Victoria Island, ẹni tó ń darí iṣẹ́ ìwádìí ni kí ẹ kọ̀wé sí, torí òun ló mọ̀ ìgbà tí òun nílò olùrànlọ́wọ́.

Ẹ tètè wá onídùúró méjì tí wọ́n níṣẹ́ tó ṣeé fọkàn tán. Fọ́ọ̀mù wọn máa ń dé ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kí ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹni tí kò sì rí onídùúró lè pàdánù iṣẹ́ tó ti fẹ́ bọ́ sí i lọ́wọ́.