Bí a Ṣe Lè Wo Sáà Àkọ́kọ́ Saturday Night Live Kí Àwàdà Rẹ̀ sì Yé Ni

Ẹni tí ó bá fẹ́ wo sáà àkọ́kọ́ Saturday Night Live, ètò àwàdà tí iléeṣẹ́ amóhùnmáwòrán NBC bẹ̀rẹ̀ nílùú New York lọ́jọ́ 11 oṣù Kẹwàá ọdún 1975, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pinnu pé odindi ètò ni òun yóò máa wò, kì í ṣe àwọn ègé tí wọ́n gé sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ètò 24 ni sáà náà ní, ìṣẹ́jú 90 ni wọ́n sì ya sọ́tọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìpolówó ọjà, nítorí náà, méjì lọ́sẹ̀ ti tó. Ẹ wá ẹ̀dà tí ó pé, irú èyí tí wọ́n ṣe sórí DVD lọ́dún 2006, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ lórí orin ti mú kí wọ́n yọ nǹkan púpọ̀ kúrò nínú àwọn ẹ̀dà mìíràn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ti àkọ́kọ́, kí ẹ sì mú sùúrù fún un. George Carlin tí ó jẹ́ atọ́kùn kò bá wọn kópa nínú eré kankan. Ńṣe ni ó ń jáde lóòrèkóòrè wá dá àpárá tirẹ̀. Billy Preston àti Janis Ian kọrin, àwọn ọmọlangidi Jim Henson náà jáde, Andy Kaufman sì dúró ti ẹ̀rọ tí ń lu àwo orin, kò sọ nǹkan kan, ó ń retí gbólóhùn kan ṣoṣo tí yóò bá orin náà sọ. Nínú gbogbo èyí, àyè díẹ̀ ni ó kù fún àwọn òṣèré tí a wá mọ ètò náà mọ́ lónìí: Dan Aykroyd, John Belushi, Chevy Chase, Jane Curtin, Garrett Morris, Laraine Newman àti Gilda Radner. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, tí Paul Simon jẹ́ atọ́kùn, orin ló gba èyí tí ó pọ̀ jù. Lójú tèmi, ìgbà tí Candice Bergen dé ní ọ̀sẹ̀ kẹrin ni Lorne Michaels, aṣagbátẹrù ètò náà, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹ má ṣe fo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ìṣáájú nítorí èyí.

Kí ẹ tó wo ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ ka ìròyìn ọ̀sẹ̀ yẹn díẹ̀, nítorí pé orí rẹ̀ ni abala ìròyìn ẹlẹ́yà tí wọ́n ń pè ní Weekend Update dúró lé. Ọ̀gágun Franco, olórí orílẹ̀-èdè Sípéènì, kú lọ́jọ́ 20 oṣù Kọkànlá ọdún 1975, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí àwọn oníròyìn Amẹ́ríkà ti ń sọ lójoojúmọ́ pé kò tíì kú. Ìdí nìyí tí Chase fi ń kéde léraléra pé Franco ṣì kú síbẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò rò pé ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ lásán ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Gerald Ford, Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, tí ó yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn ọkọ̀ òfúrufú ní orílẹ̀-èdè Austria ní oṣù Kẹfà ọdún 1975. Nígbà tí Chase bá ń ṣe Ford nínú eré, kò kun ojú láti jọ ọ́, kò sín ohùn rẹ̀ jẹ, ó kàn ń ṣubú ni. Nígbà tí ó di ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin ọdún 1976, Ron Nessen, agbẹnusọ Ford fún àwọn oníròyìn, wá ṣe atọ́kùn, Ford fúnra rẹ̀ sì gba ọ̀rọ̀ díẹ̀ sílẹ̀ fún wọn.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé bí wọ́n ṣe ń ṣe ètò náà lọ́wọ́ ni ó ń lọ sórí afẹ́fẹ́, nítorí náà, kò sí àtúnṣe lẹ́yìn tí aago 11:30 alẹ́ bá ti lù. Ẹ máa wo ojú àwọn òṣèré: bí wọ́n bá ń wo ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà dípò ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, páálí tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí ni wọ́n ń kà. Èmi a máa gbádùn àṣìṣe wọ̀nyí ju àwọn eré mìíràn lọ.

Ètò ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 1975, tí Richard Pryor, aláwàdà aláwọ̀ dúdú, jẹ́ atọ́kùn rẹ̀, ni kí ẹ wò lẹ́ẹ̀mejì, kí àwọn ọmọdé má sì sí nítòsí. Nínú eré kan níbẹ̀, Chase ń fi ọ̀rọ̀ wá Pryor lẹ́nu wò fún iṣẹ́ agbálẹ̀. Yóò pe ọ̀rọ̀ kan, Pryor yóò sì fi èyí tí ó bá kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn dáhùn, títí ọ̀rọ̀ náà fi di èébú tí àwọn aláwọ̀ funfun ń bú aláwọ̀ dúdú. Nígbà àkọ́kọ́, ẹ fetí sí ọ̀rọ̀. Nígbà kejì, ẹ wo ojú Pryor nìkan. Lẹ́yìn náà, ẹ padà sí àwọn ọ̀sẹ̀ yòókù, kí ẹ sì ka iye ìgbà tí wọ́n fún Garrett Morris, aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo láàárín àwọn òṣèré náà, ní ọ̀rọ̀ gidi sọ.