Bí èmi oníbúrẹ́dì ará Ọ̀fà ṣe lọ jókòó ti àwọn ọ̀gá ìjọba ní kíláàsì fún ọjọ́ márùn-ún

Búrẹ́dì ni mò ń ṣe l'Ọ̀fà, ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án, òṣìṣẹ́ mọ́kànlá ló wà lọ́dọ̀ mi títí kan awakọ̀ àti ìyá tó ń gbálẹ̀. Nígbà tí àbúrò mi fi fọ́ọ̀mù kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé ẹ̀kọ́ wà fún àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ ìjọba àti ti aládàáni, "executive programme", ẹ̀rín ni mo fi dá a lóhùn. Mo ní èwo ni tèmi nínú ẹgẹ́kútíìfù, èmi tí mò ń pò fúláwà. Ó ní ẹ̀gbọ́n mi, èèyàn mọ́kànlá lẹ ń san owó oṣù fún, kí lẹ wá fẹ́ máa pe ara yín?

Kí n má parọ́, kì í ṣe torí ìmọ̀ ni mo ṣe lọ. Lẹ́tà kan ló ń dùn mí lọ́kàn. Mo ti kọ̀wé sí iléeṣẹ́ ìjọba kan pé mo fẹ́ máa kó búrẹ́dì fún àwọn ilé ìwé tí ọmọ ń sùn sí lábẹ́ wọn, oṣù méje kọjá, ẹnikẹ́ni ò sọ bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo ìgbà tí mo bá dé Ìlọrin wọ́n á ní "Màdáámú, fáìlì yín wà lórí tábìlì ọ̀gá." Mo ti gbà lọ́kàn mi pé owó ẹ̀yìn ni wọ́n ń retí. Mo wá ronú pé tí mo bá bá irú àwọn ọ̀gá bẹ́ẹ̀ jókòó fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹnì kan á bá mi ti fáìlì náà síwájú.

Mo kọ́kọ́ wo kiri ná. Lagos Business School wà l'Ékòó láti 1991, orúkọ ńlá, àmọ́ mo ṣírò owó wọn pọ̀ mọ́ owó òtẹ́ẹ̀lì, mo bá pa fóònù dé. ASCON wà ní Badagry láti 1973, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ló ń lọ síbẹ̀ jù. NIPSS tó wà ní Kuru lẹ́bàá Jos, ìyẹn ò tiẹ̀ kàn mí, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó àwọn ọ̀gágun àti àwọn dàrẹ́kítọ̀ àgbà lọ fún bí oṣù mẹ́wàá, ta ló máa bá mi tan iná ààrò fún oṣù mẹ́wàá? Èyí tó yà mí lẹ́nu ni pé nílé wa níbí, ARMTI wà lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́ tí mò ń gbà lọ gbà bọ̀, láti 1980 ni wọ́n ti ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń ṣàkóso iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ìgbèríko, MINILS náà wà ní Ìlọrin, orúkọ Michael Imoudu ni wọ́n fi sọ ọ́, baba tó wà nídìí ìyanṣẹ́lódì ńlá ọdún 1945 yẹn, ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ ni tiwọn. Mo ti ń rí pátákó wọn láti ọjọ́ yìí, mi ò bèèrè rí. Èyí tí mo padà lọ kì í ṣe ìkankan nínú gbogbo àwọn tí mo dárúkọ yìí, mi ò sì ní dárúkọ ẹ̀, torí ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ wọn ṣì ń bọ̀ níwájú.

Fọ́ọ̀mù ò le. Ibi tó pa mí lẹ́rìn-ín ni ibi tí wọ́n ní kí n mú lẹ́tà wá látọ̀dọ̀ ẹni tó gbà mí síṣẹ́ pé ó yọ̀ǹda mi. Èmi ni mo gba ara mi síṣẹ́! Mo jókòó, mo kọ ọ́ pé èmi yọ̀ǹda èmi fún ọjọ́ márùn-ún, mo buwọ́ lù ú, mo tẹ òǹtẹ̀ búrẹ́dì sí i, wọ́n sì gbà á. Ìbéèrè kan wà nísàlẹ̀ pé ìṣòro wo lẹ fẹ́ kí ẹ̀kọ́ yìí bá yín yanjú, mo kọ "lẹ́tà mi ò ní èsì."

Ní ti owó, ẹ fetí sí èyí tẹ́ ẹ bá ní òṣìṣẹ́. Tó bá ti tó márùn-ún, òfin ní kẹ́ ẹ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù tẹ́ ẹ san lọ́dún fún ITF, àwọn tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1971 torí ọ̀rọ̀ kíkọ́ òṣìṣẹ́. Ẹni tó bá ń san án déédéé, tó sì rán èèyàn lọ kọ́ṣẹ́ lọ́nà tí wọ́n fọwọ́ sí, lè gbà tó ìdajì ohun tó san padà. Èmi tí mo máa ń gba ẹ̀yìnkùlé jáde tí mo bá ti rí mọ́tò wọn, odindi owó ni mo fi ọwọ́ ara mi san.

Ọjọ́ Ajé, mo wọ mọ́tò láàárọ̀ kùtù, mo bọ́ọ́lẹ̀ ní Offa Garage, mo wọ kọ̀rọ́pẹ̀. A tó mẹ́rìnlélógún. Ẹ wá wo bí a ṣe jókòó: àwọn ará ìjọba níwájú pẹ̀lú ìwé àti káàdì lọ́rùn, àwa oníṣòwò lẹ́yìn, kálukú tẹ́ fóònù mọ́ etí. Ọ̀gá tó ń kọ́ wa ò sọ nǹkan kan, ó kàn pín wa pọ̀ bí ẹ̀wà àti àgbàdo, Alhaji kan tó jẹ́ dàrẹ́kítọ̀ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ mi. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, mo ti ń wo ọrùn Alhaji.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ni níbẹ̀, wọ́n á fún yín ní ìtàn iléeṣẹ́ kan, ojú ewé bíi mẹ́wàá, tó dúró síbi tí ọ̀rọ̀ ti lọ́ pọ̀, kò sí ìdáhùn nínú ẹ̀. "Kéèsì" ni wọ́n ń pè é. Ẹ máa kà á lálẹ́, tó bá di àárọ̀ ọ̀gá á kàn nawọ́ sí yín pé ẹ̀yin, kí lẹ máa ṣe? Ó ní báyìí ni wọ́n ń ṣe é ní Harvard Business School tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1908, láti 1945 ni wọ́n sì ti ń fi kọ́ àwọn àgbàlagbà tó ti ń darí iṣẹ́, tí wọn ò wá gba dìgírì. Mo sùn lórí tèmi. Èmi ló kọ́kọ́ nawọ́ sí. Mo ní màá gbàdúrà ná.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, iná lọ, jẹnẹrétọ̀ ní òun ò ṣe, pẹ̀lú gbogbo owó tí a san, a kó àga lọ sábẹ́ igi máńgòrò. Ibẹ̀ tiẹ̀ dáa ju inú ilé lọ.

Ọjọ́rú lọjọ́ tí mo ń sọ. Ọ̀gá ní ká pààrọ̀ ipò. Àwọn ará ìjọba, ilé búrẹ́dì nìyí, owó tẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ẹ̀yin oníṣòwò, iléeṣẹ́ ìjọba nìyí: ẹ̀yin ni rẹ́jísìrì, ẹ̀yin ni àkáǹtáǹtì, Ìyá Búrẹ́dì, ẹ̀yin ni dàrẹ́kítọ̀. Wọ́n da lẹ́tà bò wá. Rẹ́jísìrì á gbà á, á tẹ òǹtẹ̀, á fi sí fáìlì, á kọ nọ́ńbà ojú ewé sí i, ọ́físà á kọ ọ̀rọ̀ sí i kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, èmi náà á kọ tèmi kó tó gòkè lọ. Láàárín wákàtí kan fáìlì ti ga níwájú mi. Ọ̀kan dé látọ̀dọ̀ ilé búrẹ́dì àwọn Alhaji pé àwọn fẹ́ máa kó búrẹ́dì fún wa. Mo wo bọ́jẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fún wa, búrẹ́dì ò sí níbẹ̀. Tí mo bá buwọ́ lù ú, ọ́díítọ̀ á bi mí níbi tí mo ti rówó. Tí mo bá ní rárá, ó lè wúlò lọ́la. Mo bá kọ KIV sí i, ìyẹn ni pé ká ṣì máa wò ó, mo tì í sápá kan. Kò pẹ́ ni Alhaji pariwo láti ọ̀hún pé, "Ìyá Búrẹ́dì, lẹ́tà wa ńkọ́?" Ẹnu mi ló dáhùn kí n tó mọ̀, mo ní, "Ó wà lórí tábìlì ọ̀gá."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rín.

Ilé búrẹ́dì tiwọn ńkọ́? Wọ́n ta àwìn fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá gbé káàdì kan jáde pé fúláwà ti gbówó lórí, wọ́n bá ní àwọn fẹ́ ṣe mítìnnì kí wọ́n tó fi owó kún búrẹ́dì, wọ́n tiẹ̀ yan ìgbìmọ̀ sí i. Kí ìgbìmọ̀ tó parí ọ̀rọ̀, owó ti tán. Alhaji nu ojú, ó ní ṣé báyìí lẹ ṣe ń sùn? Mo ní a kì í sùn, Alhaji.

Ọjọ́bọ̀ ò ní nǹkan kan, ọ̀rọ̀ nípa bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ láwùjọ, wọ́n kàn ń ka ohun tó wà lára ògiri fún wa. Wàrà tí wọ́n fún wa lọ́sàn-án dùn ṣá.

Ọjọ́ Ẹtì, kálukú gbọ́dọ̀ kọ ohun tó máa ṣe láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Mo bá mú ẹ̀dà lẹ́tà mi jáde, mo ní Alhaji, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi ti fáìlì yìí. Ó ní òun ò ní ti fáìlì kankan, àmọ́ òun á bá mi ka lẹ́tà. Ojú ewé mẹ́ta ni lẹ́tà mi, ìkíni àti àdúrà gba ọ̀kan, ìtàn ìyà tí mo jẹ kí n tó ra ààrò gba ìkejì. Kò síye owó níbẹ̀, kò sí nọ́ńbà NAFDAC, kò sí iye búrẹ́dì tí mo lè ṣe lójúmọ́. Ó fagi lé e títí ó fi ku ojú ewé kan. Ó bi mí oṣù tí mo mú un lọ, mo ní oṣù Kejì. Ó mi orí, ó ní oṣù Kínní ni bọ́jẹ́ẹ̀tì ìjọba ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti pín in tán kẹ́ ẹ tó dé, kí lẹ fẹ́ kí wọ́n fi ra búrẹ́dì? Ó ní kí n mú un lọ ní àwọn oṣù tí wọ́n bá ń kó ohun tí wọ́n fẹ́ ná lọ́dún tó ń bọ̀ jọ, kí n mú ẹ̀dà méjì dání, kí rẹ́jísìrì tẹ òǹtẹ̀ sí tèmi, kí n sì gba nọ́ńbà fáìlì kí n tó kúrò níbẹ̀. Ó tún ní tí wọ́n bá kọ KIV sí nǹkan, ó yẹ kí wọ́n kọ BU àti ọjọ́ tì í, ìyẹn ọjọ́ tí wọ́n máa gbé e jáde padà, pé èyí tí ò bá ti ní BU, ẹ ti sin ín nìyẹn.

Mo ṣe é bó ṣe sọ. Nígbà tí mo dé rẹ́jísìrì, mo ní ẹ bá mi wo ti tẹ́lẹ̀. Arábìnrin ibẹ̀ wá a, ó rí i: ojú ewé kẹrìnlá, KIV, kò sí BU. Ẹnikẹ́ni ò bi mí lówó rí lórí ẹ̀, èmi ni mo ń bínú sí wọn fún oṣù méje.

Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fún wa, wọ́n ṣi orúkọ mi kọ, mi ò tíì lọ pààrọ̀ ẹ̀. Èsì lẹ́tà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọn ò tíì gbà, wọ́n ní kí n mú ìwé owó orí ọdún mẹ́ta wá, ọdún méjì péré ló wà lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ Ajé mò ń lọ sí ọ́fíìsì owó orí, ẹ̀dà méjì ti wà nínú báàgì.