Bí A Ṣe Ń Kọ Ìtàn Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì Àtijọ́ ní Ìlú Kékeré ní Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Nígbà tí àjọ̀dún ìjọ bá ń bọ̀, àwọn àgbà sábà máa ń fa ìwé ìtàn lé ẹnì kan tó mọ ìwé kọ lọ́wọ́, ohun tí wọ́n sì ń retí kò ju orúkọ àwọn àlùfáà àti ọdún tí olúkúlùkù wọn dé lọ. Iṣẹ́ náà le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ìjọ kan ṣoṣo lè ní ìbẹ̀rẹ̀ mẹ́rin: ọjọ́ tí àwọn ènìyàn díẹ̀ kọ́kọ́ gbàdúrà pọ̀ nínú ilé ẹnì kan, ọjọ́ tí ọlọ́jà, ìyẹn olórí ìlú, fún wọn nílẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀, àti ọjọ́ tí sẹ́kíìtì Iléṣà, ìyẹn àkójọpọ̀ àwọn ìjọ Mẹ́tọ́díìsì lábẹ́ àbójútó kan náà, gbà wọ́n mọ́ra tó sì rán olùkọ́ sí wọn. Kí ẹ tó gbọ́ ìtàn lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ẹ ya ojú ewé kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí púpọ̀ nínú àríyànjiyàn lórí ọjọ́ orí ìjọ kì í ṣe irọ́. Olúkúlùkù ń ka ọdún láti ibi tirẹ̀ ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ mọ ohun tó ń lọ ní àyíká ìlú yín nígbà náà. Thomas Birch Freeman, míṣọ́nárì Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù September 1842, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà jìnnà sí etí òkun. Ogun Kírìjì bẹ́ sílẹ̀ ní 1877. Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní 1886, síbẹ̀ àwọn ọmọ ogun kò kúrò ní bùdó títí di 1893. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀nà tó là dáadáa, tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí ogun ti kó lẹ́rú, tí wọ́n sì ti di onígbàgbọ́ ní Sàró, ní Èkó àti ní Abẹ́òkúta, túbọ̀ ń padà wálé. Frederick Haastrup tó jọba ní Iléṣà ní 1896 jẹ́ ọ̀kan nínú irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ fún yín pé ilé ìsìn ti dúró ní ìlú yín ṣáájú ogun, ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ kàn béèrè ibi tí àwọn olùjọsìn sá sí nígbà tí ogun dé. Ní tèmi, ẹni tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wá ni ọmọ ìlú tó ti ìrìn àjò dé, ìbáà ṣe ẹrú tó gba òmìnira tàbí òṣómàáló tó ń ru aṣọ kiri, kí ẹ tó wá òyìnbó.

Nínú ìwé, ìwé ìrìbọmi ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí. Àlùfáà tó ti gba oyè ló sábà máa ń ṣe ìrìbọmi, kì í ṣe olùkọ́ tó ń gbé abúlé, nítorí náà ìrìbọmi àkọ́kọ́ fi ọjọ́ tí àlùfáà bẹ̀ yín wò hàn, kò fi ọjọ́ tí ìjọ bẹ̀rẹ̀ hàn. Bí ìwé tiyín bá pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wo ti sẹ́kíìtì ní Iléṣà. Ìwé tí kò ní ọjọ́ náà ṣe é kà. Bí ó bá ní “Wesleyan” nínú orúkọ ìjọ, ó ṣeé ṣe kó ṣáájú 1932, ọdún tí àwọn ẹ̀ka Mẹ́tọ́díìsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì para pọ̀. Bí ó bá pe olórí ní bíṣọ́ọ̀bù dípò alága, ó ti di 1976 tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Owó ìkórè tí wọ́n kà ní pọ́n-ùn àti ṣílè ṣáájú January 1973.

Ẹ má fi ìwé orúkọ àwọn ọmọ ìjọ tó ní tíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ọmọ ìjọ ní kíkún, nìkan ṣe ìdájọ́. Ọkùnrin tó fẹ́ ìyàwó púpọ̀ kì í ní ẹ̀tọ́ ọmọ ìjọ ní kíkún láyé ìgbà náà, bẹ́ẹ̀ owó irú wọn wà lára ògiri ilé ìsìn púpọ̀. Ìwé owó ìkórè àti ìwé owó ilé kíkọ́ ni ẹ ó ti rí wọn. Bákan náà, bí iye àwọn ọmọ ìjọ bá wálẹ̀ lójijì lẹ́yìn July 1930, ẹ má ṣe fò ó: oṣù yẹn ni ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá bẹ̀rẹ̀ ní Òkè-Ooyè, Iléṣà, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì bá a lọ láti inú àwọn ìjọ tó ti wà tẹ́lẹ̀. Àwọn ìjọ kan kì í fẹ́ kí a sọ èyí, ṣùgbọ́n ìtàn tí kò sọ ọ́ kò lè ṣàlàyé ìdí tí ìdílé kan náà fi ní àwọn ọmọ nínú ìjọ méjì.

Tí ẹ bá lọ bá àwọn àgbà, ẹ má bi wọ́n ní ọdún. Ẹ bi wọ́n ní ọba: “Ìyá, ṣé Ọwá Atáyéró ló wà lórí oyè, àbí Arómọláràn?” Atáyéró wàjà ní 1920, Arómọláràn Kìn-ín-ní sì jọba títí di 1942. Ẹ béèrè àjàkálẹ̀ àrùn 1918 náà bóyá àwọn òbí wọn sọ nípa rẹ̀. Ẹ má gbàgbé àwọn ìyá, nítorí orúkọ ìyàwó olùkọ́ kì í sábà sí nínú ìwé, bẹ́ẹ̀ òun ló ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìránṣọ.

Fún ohun tó kù, ilé ìtọ́jú ìwé àtijọ́ ti ìjọba wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ìwé àwọn míṣọ́nárì sì wà ní SOAS, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Wesley College ní Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1905, kọ́ púpọ̀ nínú àwọn olùkọ́ tí wọ́n rán sí abúlé.

Kí ẹ tó tẹ ìwé, ẹ ka á sókè fún ìpàdé àwọn àgbà. Níbi tí ìdílé méjì kò bá ti fohùn ṣọ̀kan, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì, pẹ̀lú ẹni tó sọ ọ́. Kí ẹ sì ya fọ́tò gbogbo ojú ewé ìwé ìrìbọmi náà kí ẹ tó dá a padà sínú àpótí, nítorí ikán.